Ẹnu-ọ̀nà Iṣẹ́ GNOME: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́nisọ́nà tí Wọ́n Ṣe fún Àlejò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò méjèèjì, dá iṣẹ́ GNOME sílẹ̀. Ète wọn ni láti ṣe ojú-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè yẹ inú rẹ̀ wò, tí ó sì lè tún un ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́jọ́ bí kò bá rí ọwọ́ tuntun gbà. Nítorí náà ni ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n kọ fún àlejò fi yẹ fún àgbéyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ìwé: ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì gbà pé ẹni náà ti mọ̀?

Ètò ìwé náà gún régé. Ó ní kí àlejò yan ètò kan, kí ó fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Builder kọ́ ọ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó mú àléébù kékeré kan tí wọ́n ti sàmì sí fún ẹni tuntun, kí ó sì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùtọ́jú ètò náà. Ìlànà yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí àtúnṣe kékeré kan tí ó parí ń kọ́ni ju ìlérí ńlá lọ.

Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Púpọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ìdáhùn lè pẹ́. Ẹni tí a tọ́ ní ilé tí ìdákẹ́ àgbà ti jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ yóò ká ẹrù rẹ̀, yóò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lé e. Èkejì, ohun tí Builder ń fà wálé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ wúwo fún ẹni tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jíròrò lórí àtúnṣe. Fún ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó fi Faransé kàwé, èdè kẹta nìyẹn.

Ìtumọ̀ ni ìwé náà kà mọ́ àwọn ọ̀nà tí kò béèrè ìmọ̀ ìkọ àṣẹ kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ó rọrùn. Nínú fáìlì ìtumọ̀, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wà lókè, àyè òfìfo wà nísàlẹ̀; orí fáìlì náà sì gbọ́dọ̀ sọ iye ìrísí tí ọ̀rọ̀-orúkọ ní fún ẹyọ àti ọ̀pọ̀. «Fáìlì kan», «fáìlì márùn-ún»: ọ̀rọ̀-orúkọ kò yí padà. Àtẹ Unicode pàápàá fún Yorùbá ní ìrísí kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá da orí fáìlì Faransé kọ yóò máa kọ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ló le jù. Àkójọ CLDR ti Unicode ya Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ sọ́tọ̀ lábẹ́ àmì yo_BJ: níbi tí ti Nàìjíríà ti kọ «Oṣù Ṣẹ́rẹ́», «Oshù Shɛ́rɛ́» ni ti Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹgbẹ́ atúmọ̀ bá jókòó sórí yo nìkan, ọmọ ilé-ìwé Pọ̀tọ̀-Nóvò yóò rí èdè ìyá rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ní àwọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ kò fi hàn án. Ìtọ́nisọ́nà fún gbogbo ayé kò lè yanjú èyí. Àwọn tí ó ni èdè ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ní àkópọ̀, ilẹ̀kùn GNOME ṣí, ìwé rẹ̀ kò sì purọ́. Ohun tí ó kù sílẹ̀ ni sùúrù, owó àti èdè, tí olúkúlùkù ń bá bọ̀ láti ilé rẹ̀. Àtúmọ̀ Nàgó tí ó bá fẹ́ wọlé yóò ṣe dáadáa bí ó bá mú ètò kékeré kan ṣoṣo, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fẹnu kò lórí àkọtọ́ kí wọ́n tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́.