Alágbára Má Mèrò: Ìbéèrè Mẹ́ta fún Akọni inú Géèmù

Ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ sí ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán, mo sì bá àbúrò mi níbi tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, tí ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Géèmù kan tí a ń pè ní Control ni ó ń ṣe. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí kì í fi ọwọ́ kan nǹkan kí ó tó gbé e. Bí ó bá ti na ọwọ́ báyìí, àga, tábìlì àti òkúta sìmẹ́ǹtì yóò fò sókè, wọn yóò sì lọ ba àwọn ọ̀tá rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan sọ wọ́n lókò. Bàbá wa àgbà, tí ó ti ṣe ọdẹ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, dúró lẹ́yìn ọmọ náà, ó wò ó títí. Nígbà tí ó yá, ó bi í pé:

"Ta ni ó fún obìnrin yìí ní agbára?"

"Bàbá, ó kàn ní i ni."

"Kí ni èèwọ̀ rẹ̀?"

"Kò léèwọ̀, Bàbá."

"Bí ó bá lò ó tán ńkọ́? Kí ni ó ń ná an?"

"Kò ná an ní nǹkan kan. Bí ó bá sinmi díẹ̀, yóò tún kún."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìbọn ni, nígbà náà. Ẹ má pe ìyẹn ní agbára." Ó sì wọlé lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lórí géèmù, ṣùgbọ́n n kò tíì rí òṣùwọ̀n tí ó péye tó ìbéèrè mẹ́ta yìí. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ní ògèdè lẹ́nu ní ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó ní ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, tàbí ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ pè é. Bí ó bá sì ṣì í lò, yóò san án, bí kò ṣe lára òun fúnra rẹ̀, a jẹ́ lára ọmọ rẹ̀. Fágúnwà mọ èyí dájú. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938, ó ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ọdẹ ni baba Àkàrà-Oògùn, pé àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. A mọ ibi tí agbára ọkùnrin náà ti ṣàn wá. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn àwọn géèmù tí akọni wọn ń fi ọkàn ṣe ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ òdodo fún Control, tí ilé-iṣẹ́ Remedy ti orílẹ̀-èdè Finland gbé jáde ní ọdún 2019. Àbúrò mi kò dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ dáadáa, nítorí pé Jesse Faden, akọni inú rẹ̀, kò kàn dédé ní agbára. Ara àwọn ohun abàmì tí ó wà nínú ilé ńlá kan ní New York ni ó ti ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ dára púpọ̀: ògiri ń fọ́, ìwé ń fò káàkiri, ẹ̀rù sì ń bani ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ìbéèrè kejì àti ìkẹta, ó ṣubú. Agbára náà ń tán, ó sì ń padà fúnra rẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Kò sí ohun tí obìnrin náà ní láti yẹra fún kí ó má bà á bàjẹ́, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nítorí rẹ̀. Òótọ́ ni Bàbá sọ: ìbọn tí ó rẹwà ni.

Psychonauts yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Double Fine ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe é ní ọdún 2005. Raz, ọmọ ìdílé àwọn tí ń tàkìtì fún ènìyàn wò, sá kúrò nílé lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní agbára ọkàn. Ó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn, kí ó sì máa rìn níbẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú ìlú. Àwọn ará ilé rẹ̀ gbà pé a ti fi wọ́n gégùn-ún pé inú omi ni wọn yóò kú sí; bí Raz bá sì já sínú omi jíjìn, ọwọ́ ńlá kan yóò yọ jáde, yóò fẹ́ fà á lọ sísàlẹ̀. Èèwọ̀ gidi nìyẹn! Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè àlàyé lórí rẹ̀. Èyí tí ó jọ mí lójú jù wà nínú Psychonauts kejì, tí ó jáde ní ọdún 2021. Níbẹ̀, Raz yí èrò Hollis, olùkọ́ rẹ̀, padà láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí obìnrin náà lè gbà fún wọn láti lọ síbi tí wọ́n fẹ́ lọ. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Tẹ́tẹ́ gba obìnrin náà lọ́kàn pátápátá, Raz sì ní láti padà wọ ibi tí ó ti bàjẹ́ lọ tún un ṣe. Ẹni tí ó bá wọ yàrá onílé láìkan ilẹ̀kùn ni yóò tún ilẹ̀kùn náà rì.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ dàgbà ju èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ní ọdún 1994 ni ó jáde ní ilẹ̀ Japan lábẹ́ orúkọ Mother 2, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1995 pẹ̀lú orúkọ EarthBound. Òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Shigesato Itoi ni ó kọ ọ́. Ness, ọmọdékùnrin tí ó dé fìlà pupa, lè fi ọkàn bá ọ̀tá jà. Síbẹ̀ bí ó bá pẹ́ lájò, àárò ilé a máa sọ ọ́. Láàárín ìjà ni yóò gbàgbé ọ̀tá, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìyá rẹ̀. Ohun tí ó ń wò ó sàn ni kí ó wá fóònù kí ó sì pe ìyá rẹ̀, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Giygas, ẹ̀dá búburú tí ó fẹ́ pa ayé run, agbára ọkàn kò ràn án, ohun ìjà kò ràn án. Paula, ọmọbìnrin àárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àdúrà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti bá pàdé lọ́nà, àwọn náà sì bá wọn gbàdúrà, títí ó fi kan ẹni tí ó di ẹ̀rọ náà mú, tí géèmù pè ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó pe orúkọ tèmi, mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, mo dákẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó kọ géèmù yìí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ òwe náà.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé àwọn ará òkè òkun nìkan ni ó lè ṣe irú èyí. Ní Yaoundé, olú ìlú Cameroon tí ó múlé gbè wá, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní ọdún 2016. Enzo, ọmọ ọba Zama, ni a gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gorí oyè. Agbára tí ó fi ń jà jẹ́ ogún tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀, Erine aya rẹ̀ sì ń bá a jà. Ọ̀rọ̀ sísọ inú rẹ̀ pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá béèrè pé ta ni ó fún un, ìdáhùn wà ńlẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé eré ni eré, pé bí èèwọ̀ bá pọ̀ jù, kò sí ọmọ tí yóò fẹ́ ṣe é. N kò gbà. Àárò tí ń sọ Ness ni àbúrò mi rántí lẹ́yìn tí ó ti gbàgbé gbogbo ìjà inú géèmù náà. Ayò ọlọ́pọ́n pàápàá ní òfin, òfin náà ni ó sì mú un dùn.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ géèmù tiwa. Ẹ̀sìẹ́, tí òun àti Ọ̀mù-Àrán jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ni a gbé e kà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ère òkúta inú rẹ̀ sì ju 1,000 lọ: ọkùnrin, obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn lórí àpótí ìjókòó, ilà sì wà lójú wọn. Àwọn kan nílẹ̀ náà ń pìtàn pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí a sọ di òkúta. Akọni tiwa yóò fi ọkàn jí wọn, wọn yóò sì dìde jà fún un. A ti ya àwòrán rẹ̀, inú wa sì dùn. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n Bàbá, ìtìjú mú mi. Ta ni ó fún un? Kò sí. Èèwọ̀ ńkọ́? Kò sí. Kí ni ó ná an? Òfo. Àwa ọmọ Ìgbómìnà ti sọ àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ di ọta ìbọn.

A ti tún un ṣe. Nísinsìnyí, akọni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà láti agbo ilé dé agbo ilé, kí ó gbọ́ ìtàn ère kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìtàn wọn kò dọ́gba. Bí ó bá ṣi ère kan pè, ère náà kò ní dìde. Èyí tí ó bá sì dìde, ibì kan lára akọni náà ni yóò di òkúta dípò rẹ̀.

Mo ka èyí fún Bàbá lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi ẹ̀kẹrin kún ìbéèrè rẹ̀: "Bí ogun bá tán, ta ni yóò dá wọn padà sí ìjókòó wọn?"

A kò tíì rí ìdáhùn. Ẹni tí ó bá ní i nínú yín, kí ó wá bá wa.