'Please' Nìkan Kò Tó: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀wọ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì Gbẹ̀fẹ́

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá láàárín àwa olùkọ́ Yorùbá. Ìdáhùn mi kò gùn. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí àwọn ọmọ wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ fi bá ojúgbà wọn tàkùrọ̀sọ, láti inú Yorùbá ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà mẹ́nu ba Yorùbá. Àwa tí a mọ iṣẹ́ tí 'ẹ' àti 'o' ń ṣe ni a lè fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ hàn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ṣojú mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan, olùkọ́ kan ń dán àwọn ọmọ wò ní Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ, mo sì jókòó tì í. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó kí wa. Olùkọ́ náà wí fún un pé, 'Would you mind closing the door?' Kíá ni ọmọ náà dáhùn pé, 'Yes, sir', ó sì lọ ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó gé máàkì 2 kúrò. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà ti sọ pé òun kò fẹ́. Lójú ọmọ náà, àgbà pàṣẹ, òun jẹ́ àṣẹ, òun sì fi 'sir' kún un. Mo bẹ̀bẹ̀ fún un lẹ́yìn tí ó jáde; a dá máàkì 1 padà.

Ọmọ yìí kò ṣàìmọ gírámà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe 'Ṣé o máa ti ilẹ̀kùn?' bí kò ṣe 'Ǹjẹ́ yóò ni ọ́ lára bí o bá ti ilẹ̀kùn?' Ẹni tí ó bá dáhùn pé 'Yes' ti sọ pé yóò ni òun lára. 'No' tàbí 'Not at all' ni ìdáhùn ẹni tí ó fẹ́ ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nígbà tí ìbéèrè bá ní àyísódì nínú. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé 'Ṣé o kò tíì jẹun ni?', tí kò sì tíì jẹun, 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni yóò wí, nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ ni ó ń gbè. Ẹlédè Gẹ̀ẹ́sì yóò wí pé 'No, I haven't', nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni òun ń tẹ̀lé. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé 'Yes' nílé àlejò lè pa ebi mọ́nú lọ sùn.

Kí ni àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ́ni nípa ọ̀wọ̀? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń pọ̀ jù níbẹ̀: 'please', 'sorry' àti 'thank you'. Ọ̀nà tí olùkọ́ sì máa ń gbà túmọ̀ wọn ni 'ẹ jọ̀ọ́', 'ẹ pẹ̀lẹ́' àti 'ẹ ṣé'. Àríwísí mi lórí èyí kì í ṣe pé ìtumọ̀ náà kò tọ̀nà. Ohun tí ó burú ni pé ó jẹ́ kí ọmọ rò pé inú ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni ọ̀wọ̀ ń gbé.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní bíró yín.' Níbo ni ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀? Ó wà nínú 'ẹ' àkọ́kọ́, ó wà nínú 'ẹ' kejì, ó sì tún wà nínú 'yín'. 'Jọ̀ọ́' fúnra rẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni; a lè wí fún ọmọ ọdún méjì pé 'Jọ̀ọ́, dákẹ́'. Nígbà tí ọmọ bá wá yí gbólóhùn náà sí Gẹ̀ẹ́sì, 'Please, give me your biro' ni yóò di. 'Ẹ' méjèèjì ti pòórá, 'yín' ti di 'your' tí a ń lò fún ọba àti ẹrú bákan náà. 'Please' nìkan ni ó ṣẹ́kù láti ru ẹrù tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ mẹ́ta ti ń rù, kò sì lè rù ú. Bí a bá sọ ọ́ fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, àṣẹ ni yóò gbọ́, àṣẹ tí a fi 'please' bò lójú.

Níbo ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí? Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni, àti inú bí a ṣe gbé gbólóhùn kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a sọ àṣẹ di ìbéèrè. A mú 'could' àti 'would' jáde. A gbé àsìkò tí ó ti kọjá wá síbi tí nǹkan kan kò tíì kọjá, bíi 'I was hoping you could help me', nígbà tí ó jẹ́ pé ìsinsìnyí gan-an ni ẹni náà ń retí ìrànlọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jìnnà sí ojú abẹ níkòó tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ní ọ̀wọ̀ tó. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ wa ti kọ́kọ́ pàdé 'could'? Nínú ẹ̀kọ́ àsìkò ni, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ pé 'can' di 'could' bí nǹkan bá ti kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí ó má gbọ́ ọ mọ́. Kò sí ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ó bá gbọ́ 'Could you carry this?' tí ó sì rò pé a ń bi òun bóyá òun lágbára bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí.

Lórí 'sorry', èrò mi yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń fi bíró pupa fa igi sí i. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ, tí ọmọ wa sì wí pé 'Sorry, ma', 'pẹ̀lẹ́' ni ó ń kí. Ẹlédè Gẹ̀ẹ́sì láti òkè òkun lè bi í pé kí ni ó fi ṣe. Ṣùgbọ́n ìlò yìí ti fìdí múlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, ó sì kún àlàfo tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kí a kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ náà, kí a má gé máàkì rẹ̀. Bákan náà ni 'Well done' tí a fi ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti 'Thank you for yesterday', tí í ṣe 'Ẹ ṣé àná' gẹ́lẹ́.

Ó dára kí olùkọ́ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ní irú 'o' àti 'ẹ' rí. 'Thou' ni wọ́n ń lò fún ẹnì kan, 'ye' àti 'you' fún ọ̀pọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, bí àwa náà ti ń ṣe. Àárín 1600 sí 1700 ni 'thou' ń kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wọn, débi pé nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Quaker ń pe olówó àti tálákà ní 'thou', inú bí àwọn ọlọ́lá gidigidi. Roger Brown àti Albert Gilman ṣe àlàyé lórí irú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ báyìí ní 1960, wọ́n fi hàn pé ipò àti ìfẹ́ra-ẹni ni ó ń darí wọn. Èyí wúlò fún wa, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń pàdé 'Thou' nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlá ńlá ni. Òdì kejì ni. 'Ìwọ' ni, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì Yorùbá náà ṣe ń pe Ọlọ́run ní 'Ìwọ' tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní àfojúdi.

Mo ti lo ọ̀rọ̀ náà, àfojúdi. Penelope Brown àti Stephen Levinson, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1978 tí ó sì di odidi ìwé ní 1987, fi ojú ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo àlàyé wọn nípa ọ̀wọ̀ nínú èdè. Ọ̀dọ̀ Erving Goffman ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ní ojú méjì ni olúkúlùkù ní: ọ̀kan ń fẹ́ kí a yẹ́ òun sí, èkejì kò fẹ́ kí a dí òun lọ́wọ́. Yorùbá kò ní jiyàn pé ojú ni ilé ọ̀wọ̀. 'Àfojúdi', 'ìtìjú' àti 'fi ojú tín-ín-rín wo' ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì, Tamil àti Tzeltal ni wọ́n gbé yẹ̀ wò ní pàtàkì. Ibi tí n kò bá wọn lọ ni pé wọ́n ka ìbéèrè fún ìrànlọ́wọ́ sí ohun tí ó ń dójú kọ ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá bá rán ọmọ aládùúgbò níṣẹ́ lójú pópó, ojú ta ni ó dí? Ó ti ka ọmọ náà kún ọmọ tirẹ̀ ni. Bí ó bá fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà lè rò pé ó ń bínú sí òun. Efurosibina Adegbija fi Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wé Yorùbá àti Ogori lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1989. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé fún àwọn ọmọ wa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Yorùbá, a kọ́ ọmọ pé lẹ́tà sí bàbá àti lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, gbẹ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ọmọ náà mọ̀, láìjẹ́ pé a sọ, pé 'ẹ' ni yóò lò fún bàbá, 'o' fún ọ̀rẹ́. Gbẹ̀fẹ́ kò mú ọ̀wọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, tí 'ẹ' kò sí mọ́, ẹ̀rù a bà á pé kí òun má baà ṣàfojúdi, a sì sá sábẹ́ àkọ́sórí. Gbogbo wa ni a mọ ọ́n: inú mi dùn láti kọ lẹ́tà yìí sí ọ, mo lérò pé ara rẹ le, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, 'doxology'. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sí Ajẹ́lẹ̀!

Nínú ìdánwò WAEC, máàkì 50 ni ó wà fún irú àròkọ bẹ́ẹ̀, 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìlò èdè. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí a ti wo bóyá ohùn lẹ́tà bá ẹni tí a kọ ọ́ sí mu. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ ni ibi tí àdírẹ́sì yẹ kí ó wà àti bóyá kọ́mà tẹ̀lé orúkọ. Mo ti rí lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tí olùkọ́ fa igi pupa sí 'don't' àti 'I'm' nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìsúnkì wọ̀nyí gan-an ni àmì gbẹ̀fẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ti ìdánwò Orals tilẹ̀ tún yàtọ̀: fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì àti ìtẹnumọ́ ni àwọn ọmọ ń mú ìdáhùn rẹ̀ láàárín àwọn tí a tò sílẹ̀. Ọmọ lè gba máàkì tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ láìtíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn tí wọ́n bá lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pàdé ìṣòro mìíràn. Olùkọ́ wọn á ní kí wọ́n máa pe òun ní orúkọ àbísọ. Ẹnu wọn kò gbà á. Àwọn kan á fi 'Mr' ṣáájú orúkọ àbísọ náà, àwọn mìíràn kò ní pe orúkọ kankan fún odidi ọdún. N kò rò pé ó yẹ kí a fipá mú ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ó ti mọ̀, kí ó tó kúrò nílé, pé ìsúnmọ́ni ni ẹni yẹn ń nawọ́ rẹ̀ sí òun, àti pé 'sir' tí òun ń tẹnu mọ́ lè dàbí ìgbà tí òun ń tì í sẹ́yìn.

Ohun kan wà tí mo ti dán wò, tí olùkọ́ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì lè jọ ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Kí àwọn ọmọ yá bíró lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, ní Yorùbá ná: àbúrò, ọ̀rẹ́, olùkọ́, àti àjèjì kan ní báńkì. Wọ́n á mú un wá báyìí: 'Gbé bíró yẹn wá', 'Jọ̀ọ́, yá mi ní bíró rẹ', 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní bíró yín', 'Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà', láti orí èyí tí wọ́n tún máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé àjèjì ni a ń kí bí ẹni mọ̀ ọ́n rí. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 'Pass me that biro', 'Can I borrow your biro?'; 'Could I borrow your biro, sir?', 'Excuse me, I wonder if I could borrow your biro.' Kí a wá ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tí ó ń yí padà. Lápá kan, 'yá' dúró gbọn-in láti orí ọ̀rẹ́ dé orí olùkọ́, 'rẹ' ni ó di 'yín'. Lápá kejì, 'your' dúró gbọn-in, 'can' ni ó di 'could'. Ọmọ kan ní kíláàsì mi wí pé, 'Ibi tí a fi ọ̀wọ̀ sí ni kò dọ́gba.' N kò ní àlàyé tí ó ju ìyẹn lọ láti fún wọn.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùdánwò fún kò pọ̀. Kí a dẹ́kun fífa igi sí 'don't' nínú lẹ́tà gbẹ̀fẹ́. Kí a gé máàkì fún 'doxology' dípò rẹ̀. Kí ìbéèrè kan ó kéré tán sì wà tí ọmọ yóò ti béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ènìyàn méjì tí ipò wọn yàtọ̀.