Adé Tó Wà Lórí Ọkàn Màámi

Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ fún màámi nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó ní "artery" kan ti ń dí. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Mà, iṣan yín kan ló ń dí." Kíá ni màámi na ẹsẹ̀ síwájú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ojúgun wọn. "Ṣé o rí i? Mo ti ń sọ fún ẹ tipẹ́ pé ẹsẹ̀ yìí ń fà mí."

Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. Iṣan ni a ń pe èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀. Iṣan ni a ń pe èyí tó so ẹran mọ́ eegun. Iṣan náà la tún ń pe èyí tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ọkàn ni dókítà ń sọ, ẹsẹ̀ ni màámi wà, èmi tó yẹ kí n jẹ́ afárá sì dúró sáàárín bí igi.

Mo délé pẹ̀lú ìtìjú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn wò. Èrò mi ni pé Látìn àti Gíríìkì ní ìjìnlẹ̀ kan tí Yorùbá kò ní. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ lé lórí lónìí, torí pé orúkọ sísọ náà iṣẹ́ ọnà ọ̀rọ̀ ni, bíi ewì.

Tibia, eegun ojúgun tí màámi ń tẹ̀ yẹn: fèrè ni lédè Látìn. Fibula tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: pín-ìnnì tí àwọn ará Róòmù fi ń so aṣọ mọ́ra. Clavicle jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kékeré. Acetabulum, ihò tí orí eegun itan jókòó sí, jẹ́ ife kékeré tí wọ́n ń bu ọtí kíkan sí nídìí oúnjẹ. Muscle wá láti inú musculus, èkúté kékeré, torí bí ẹran apá ṣe ń sáré lábẹ́ awọ. Cochlea tó wà nínú etí yín, ìgbín ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìdáná àti ọjà ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ wá! Àwa tí wọ́n ń sọ fún pé èdè wa ò lè gbé sáyẹ́ǹsì nítorí pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ló kún inú rẹ̀, ẹ wá wo ìgbín.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pupil, dúdú inú ẹyinjú. Pupilla, ọmọbìnrin kékeré, torí àwòrán ènìyàn tíntín tí ẹni tó bá wo ojú ẹlòmíì á rí níbẹ̀. Àwọn Gíríìkì náà pè é ní korē, ọmọbìnrin. Yorùbá ní ọmọ ojú. Ojú kan náà ni gbogbo wọn wò. Àwa tí a ní igbáàyà, tí a fi igbá júwe àyà, tí a ní ọrùn ọwọ́, ẹgbẹ́ kan náà ni àwa àti ẹni tó sọ ihò eegun ní ife ọtí kíkan.

Ibi tí wọ́n ti fi ojú sílẹ̀ tí wọ́n di èrò mú ni mo ti ní ẹ̀sùn. Erasistratus, oníṣègùn Gíríìkì, gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gba inú artery kọjá, torí pé òfìfo ni wọ́n máa ń bá a nínú òkú. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà èémí. Galen fi hàn lẹ́yìn náà pé ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ ò yẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ló wá ṣe é tán pátápátá. Ní 1787, Guyton de Morveau, Lavoisier, Berthollet àti Fourcroy tẹ Méthode de nomenclature chimique jáde ní Paris. Inú ń bí wọn sí àwọn orúkọ àtijọ́ bí òróró vitriol, tí kì í ṣe òróró rárá, àti bọ́tà antimony, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹ búrẹ́dì. Mo gbà fún wọn níbẹ̀. Mo tún gbà pé ìlànà wọn fún ìparí ọ̀rọ̀ dára gan-an: gbọ́ sulphate, gbọ́ sulphite, o ti mọ èyí tí ọ́síjìn inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ́síjìn fúnra rẹ̀. Lavoisier so oxys, kíkan, mọ́ ọ̀rọ̀ bíbí, torí ó gbà pé òun ló ń bí gbogbo ásíìdì. Nígbà tó di 1810, Humphry Davy ti fi hàn pé irọ́ ni: ásíìdì tó wà nínú ikùn gbogbo wa kò ní ọ́síjìn kankan. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ ti túmọ̀ àṣìṣe náà sí èdè tiwọn, Sauerstoff, nǹkan kíkan, wọ́n sì ń lò ó di òní. Azote ńkọ́? "Aláìníyè" ni ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun alààyè kan ò sí tí kò ní in lára.

Ẹ fi èyí wé Na, àmì sodium. Natrium ni, láti ara natron, iyọ̀ tí àwọn ará Íjíbítì fi ń gbẹ òkú. Kán-ún tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè adágún Chad, tí ìyá yín fi ń se ewédú, ẹbí natron ni. Ó wà nínú ìsọ̀ ẹlẹ́wà tó wà ní òpópónà wa níbí. Mo ń wo Na ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ẹ̀sùn wà fún àwa náà o. Àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún Yorùbá lóde òní fẹ́ràn kí orúkọ kan ṣe àlàyé gbogbo iṣẹ́ nǹkan, títí tí yóò fi gùn bí orúkọ oyè. Ọ̀nà Lavoisier nìyẹn. Ẹni tó pe imí ọjọ́ kò mọ kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan kan, ó sì sọ ọ́ ní ẹ̀mí kan. (Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èkúté náà ń pani lẹ́rìn-ín, Látìn ló kàn bò ó mọ́lẹ̀.) Iṣan nìkan ni mi ò lè gbèjà: ọ̀rọ̀ kan ò lè ru ẹrù mẹ́ta.

Àwọn artery tí ọ̀rọ̀ màámi dá lé, coronary ni wọ́n. Corona, adé. Wọ́n yí ọkàn ká láti òkè bí adé ṣe ń yí orí ká. Mo jókòó ti màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ní, "Mà, kì í ṣe iṣan ẹsẹ̀. Ọkàn yín dé adé. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi hun adé yẹn, ọ̀kan nínú rẹ̀ ló ń dí."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, kì í ṣe ojúgun mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá iwájú adé ló ti ń dí àbí ẹ̀gbẹ́.