“Ká Ní Kò Fara Pa Ni”: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwa Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Mayfair

Lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ilé ìwòran fún yín ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀. Ariwo ló máa júwe ọ̀nà. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ ó gbọ́ àwọn awakọ̀ tó ń pe èrò Lágéré àti Sábó, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ ohùn wa. Bẹ́ǹṣì onípákó ni a jókòó lé, ooru ń mú, èjìká kan èjìká. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì nínú wa, ṣùgbọ́n kóòṣì ni gbogbo wa.

Ẹ ti ka àgbéyẹ̀wò ewì rí, ẹ ti ka ti ìwé ìtàn àròsọ àti ti fíìmù. Lónìí, ẹnu tiwa fúnra wa la fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Lójú tiwa, àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù wà lára lítíréṣọ̀ alohùn wa. Ó ní ẹni tó ń dá a, ó ní àwọn tó ń gbè é. Ó ní gbólóhùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ kí ẹni tó ń sọ ọ́ tó sọ ọ́ tán. Bó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà ni lóòótọ́, a gbọ́dọ̀ lè bi í ní ohun tí à ń bi iṣẹ́ ọnà: kí ló ṣe dáadáa, kí ni kò ṣe dáadáa, àti pé ta ni ó ń gún lára?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ibi tó dáa. Àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ orúkọ í sọ èèyàn. Tẹslim Balógun, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó lọ gba bọ́ọ̀lù owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àwọn bàbá wa, “Thunder” ni wọ́n pè é nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dún lára bọ́ọ̀lù. Ṣẹ́gun Odégbàmí di “Mathematical”, orúkọ tó gba ẹnu Ernest Okonkwo lórí rédíò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìlú. Kanu di “Papilo”. Oríkì ni gbogbo ìwọ̀nyí o jàre. Ọmọdé tí kò rí Odégbàmí sójú rí, tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, ó ti mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í sáré lásán, ó ń ṣírò ni. Níbi ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé ara àti ìṣe ẹnìkan kalẹ̀, a ò kẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti ń wọ́ ni ìsọtẹ́lẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu wa á ti yá: “Ọmọ yìí máa dáa gan-an. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́.” Òwe tó ń gbè wá lẹ́yìn kò jìnnà: ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe yẹn dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú wa ti rí. Ní 1987, nígbà tí àwọn ọmọ wa dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà, Philip Osondu ni wọ́n fi ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́lá. Ní 2007, nígbà tí a gba ife náà ní Kòríà, Macauley Chrisantus ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù, gòólù méje. Ní 2009, lórí ilẹ̀ wa níbí, Sani Emmanuel ni wọ́n ní ó dára jù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹnu ṣámúṣámú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì rí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Yúróòpù gbà wọ́n: Anderlecht, Hamburg, Lazio. Ẹ bi ọmọ ogún ọdún tó jókòó tì yín ní Mayfair bóyá ó mọ ọ̀kan nínú wọn.

Kí wá ni à ń sọ nípa irú wọn? “Kò fojú sí iṣẹ́ ni.” “Orí ẹ̀ ti wú.” “Ọjọ́ orí irọ́ ni.” Alágẹmọ ti bímọ ẹ̀ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ìdájọ́ ni, kì í ṣe ìwádìí. Iṣẹ́ tí àwa kan ń ṣe lójúmọ́ kọ́ wa ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá dákú lójijì, a kì í jókòó máa bú u pé orí ẹ̀ wú. A ó lọ ka àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dákú: ta ló kàn án kẹ́yìn, ẹrù wo ni wọ́n dì lé e, kí ló ń retí tí kò rí gbà. Ọmọ tó kúrò nílé lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, tí òtútù ń pa, tí ajẹnt rẹ̀ ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíì, ta ló ka àkọsílẹ̀ tirẹ̀?

Victor Osimhen ni ẹ̀rí tó yẹ kó ti pa wá lẹ́nu mọ́. Gòólù mẹ́wàá ló gbá wọlé ní Chile ní 2015. Wolfsburg ní Jámánì rà á ní 2017, kò rí gòólù kankan gbá nínú líìgì níbẹ̀, èjìká ń yọ ọ́ lẹ́nu, ibà tún dá a gúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ẹ rántí ohun tí a sọ nígbà náà, kí ẹ má parọ́: a ní ó ti parí. Charleroi ló gbà á, ó ti ibẹ̀ dé Lille, ó dé Napoli. Ní oṣù kọkànlá 2021, òun àti Škriniar forí gbárí ní Milan, egungun ojú rẹ̀ fọ́. Ó padà tòun ti ìbojú, ó sì gbá gòólù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wọlé ní sáà tí Napoli gba líìgì Ítálì ní 2023, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1990. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwa ò kì í dífá ọrọọrún. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń dá tiwa, ó di títí ayé.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìpalára, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹnu wa ti burú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Fantasy Premier League mọ àmì kékeré tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ kò yá. Ó lè pọ́n bí ọsàn, ó lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìṣirò á sì wà níbẹ̀: 75%, 50%, 25%. Àwa tí a ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ojú fóònù kéré, ìrora kò sì ṣeé kọ sínú àpótí kékeré. Ẹ̀bi ètò kọ́. Àmọ́ àmì yẹn ti kúrò lórí fóònù, ó ti wọ ẹnu wa. Bí èèyàn bá ṣubú lórí pápá, tó di orúnkún mú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ nínú ilé ìwòran ni, “Ha! Mo fi í ṣe kápútéènì mi o!” Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ á ti ká tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọnù. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan á wá rántí bèèrè pé, “Ṣé kò léwu ṣá?”

Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún 2025 ni ó yẹ ká máa rántí. Táíwò Awóníyì, ọmọ Ìlọrin, sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan ní ìparí ìdíje Nottingham Forest àti Leicester, ó sì fi ara rọ́ lu òpó gòólù. Ọ́fúsáìdì ni bọ́ọ̀lù náà tẹ́lẹ̀, alásìá ni kò tíì gbé àsíá sókè, nítorí òfin ní kó jẹ́ kí eré parí ná. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lórí pápá, ó dìde, ó ń tiro kiri títí rẹfirí fi fọn fèrè. Ẹ̀rín ni àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ rín, a ní òpó ló mú un lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún un ní pàjáwìrì, pé àwọn dókítà fi oògùn mú un sùn kí ara lè rọ̀ ọ́. Ilé ìwòran pa lọ́lọ́ nígbà tí a tún pàdé. Ó yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, a ò rí i gbé mì, a ò rí i pọ̀ dànù.

Ọkùnrin yìí kan náà, Liverpool rà á ní 2015, kò gbá bọ́ọ̀lù ìdíje kankan fún wọn, torí ìwé àṣẹ iṣẹ́ kò jáde. Wọ́n ń yá a fún ẹgbẹ́ ní Jámánì, ní Netherlands, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní Mayfair, “Kò dáa tó Liverpool” ni ìdájọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Kanu ni a sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rere. Ní 1996 ó jẹ́ kápútéènì ikọ̀ tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Atlanta, Inter Milan rà á, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ní oṣù kẹwàá 1999, Arsenal ti gba gòólù méjì sílé ní pápá Chelsea, òjò ń rọ̀, ọkùnrin yìí gbá mẹ́ta wọlé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A mọ ìtàn yìí dé góńgó. Ohun tí a kì í sọ níbẹ̀ ni pé ó dá àjọ sílẹ̀ ní 2000 láti máa sanwó iṣẹ́ abẹ ọkàn fún àwọn ọmọdé. Kanu mọ̀ pé kì í ṣe akin òun nìkan ló yọ òun. Àyẹ̀wò wà, dókítà wà, owó wà. Nínú ìtàn tiwa, akin nìkan ló wà níbẹ̀.

Èdè Yorùbá fún wa ní “ká ní”, ó fún wa ní “ì bá”. “Ká ní kò fara pa ni, ì bá ti gba Ballon d’Or.” Gbólóhùn yìí ni orin àkúnlégbè ilé ìwòran wa, ó sì dùn lẹ́nu, torí kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Ẹ fetí sí i dáadáa. Ẹni tí à ń ṣàánú níbẹ̀ kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Gòólù tí a ò rí ni à ń sunkún. Àwa gan-an ni à ń ṣàánú.

Ràṣídì Yẹkínì gbá gòólù mẹ́tàdínlógójì wọlé fún Nàìjíríà. Òun ló gbá èyí àkọ́kọ́ wa nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà 1994 ní Dallas, tó na ọwọ́ méjèèjì gba inú nẹ́ẹ̀tì, tó ń sunkún. Gbogbo wa la mọ àwòrán yẹn. Ìbàdàn ló padà sí nígbà tí eré tán, kò tó wákàtí méjì sí ibi tí a jókòó sí. Ariwo gba ìlú pé ara rẹ̀ kò yá, pé ó ń dá gbé. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2012 ló kú, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Gbogbo ọdún tó fi wà ní Ìbàdàn yẹn, gòólù rẹ̀ wà lẹ́nu wa. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, eré ni o! Ṣé ẹ fẹ́ sọ ilé ìwòran di ṣọ́ọ̀ṣì ni?” Rárá o. Bí àríyànjiyàn bá kú ní Mayfair, àwa la ó kọ́kọ́ sá níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu tí a fi ń ṣèdájọ́ níbẹ̀ la tún ń gbé jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kùnà, tó ń fi ọdún kún ọdún lórí kọ́ọ̀sì kan, “ó ti parí” la máa ń sọ nípa òun náà. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, “ká ní ó gbọ́n ni.”

Ọ̀rẹ́ wa kan máa ń jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí a ṣì wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n fẹsẹ̀ kọ́ ọ níbi ìdíje kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun, owó àyẹ̀wò gidi kò sí. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àìmọye ìgbà la ti fi í han àlejò: “Ẹ wo ọkùnrin yìí, ká ní kò fara pa ni, Yúróòpù ni ì bá wà.” A rò pé à ń kì í ni. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, lẹ́yìn tí a tún kì í bẹ́ẹ̀ tán, ó wò wá, ó ní, “Gbogbo ọdún yìí, kò sí ìkankan nínú yín tó bi mí bóyá orúnkún náà ṣì ń dùn mí.”

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ṣe ṣókí ju tiwa lọ, ó sì péye jù ú lọ.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa jiyàn lọ, ká máa sọ orúkọ lọ, ká máa pariwo lọ. Bí a bá fẹ́ sọ pé “ó ti parí”, ká kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ṣe é. Bí a bá fẹ́ sọ pé “ká ní”, ká fi ìbéèrè kan tì í lẹ́yìn: báwo lẹni náà ṣe wà báyìí?

Àwa bi ọ̀rẹ́ wa lọ́jọ́ yẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń dùn, pàápàá bí òun bá ká a fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. A sún lórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀, abala kejì bẹ̀rẹ̀.