Èdè àti Àwòrán nínú Iwájú

Yorùbá ni orúkọ eré kàtúùnù Iwájú, Èkó ọjọ́ ọ̀la sì ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ń sọ, Yorùbá kàn ń yọjú láàárín rẹ̀ ni. Ibí yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò eré alápá mẹ́fà tí Kugali àti Disney gbé jáde ní 2024.

Ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ múná dóko. Tọ́lá, ọmọ olówó, àti Kọ́lé, ọmọ mẹ̀kúnnù tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, fi àlàfo àwùjọ hàn láìsí ìwàásù. Otin ni ọnà tí ó dùn jù níbẹ̀: aláǹgbá ẹlẹ́rọ tí bàbá Tọ́lá ṣe láti dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Aláǹgbá kò ṣàjèjì sí ògiri Ìkàrẹ́. Ayàwòrán mìíràn ìbá ti lọ yá ajá òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀dọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà tí ó fẹ́ fi kàtúùnù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwòrán 24 ni ó ń sáré kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni. Ẹni tí ó ń kọ ìtàn àti ẹni tí ó ń fún ẹ̀dá ìtàn ní ohùn ń jẹun níbẹ̀ bí ayàwòrán ti ń jẹ. Bino and Fino, tí Adamu Waziri dá sílẹ̀ ní Àbújá, ti ní ẹ̀dà Yorùbá. Yorùbá àjùmọ̀lò ni, ìyá àgbà Ọ̀kà kì í sì í fi í pa àlọ́. Bí ohùn ìyá náà kò bá sí nínú kàtúùnù tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wò, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà yóò fi dá a lóhùn nígbà tí ó bá ní “Ààlọ́ o”.