BCG: Kòkòrò Tó Ń Ta Àwọn Ọmọ Ogun Ara Jí

Ọ̀pọ̀ wa ló ní àpá abẹ́rẹ́ BCG lápá, èyí tí wọ́n gún wa ní kékeré nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Albert Calmette àti Camille Guérin ló ṣe é ní ìlú Lille, ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù lórí ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n fi òróòro sè. Ọdún 13 ni wọ́n fi ń ṣí i nípò lọ sórí ọ̀dùnkún tuntun, títí agbára ìpani rẹ̀ fi rọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì kòkòrò yìí ló yà mí lẹ́nu jù: ó ń báni ṣẹ́gun jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Sẹ́ẹ̀lì ara wa tó kọ òfin ara sílẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń kọjá lára rẹ̀ láìfura. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Níhìn-ín, ará òde ló ń tú ikú ilé fó.

Dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀ wọlé, á sì da BCG tó ṣì wà láàyè sínú àpò ìtọ̀. Aláìsàn á mú un dúró fún bíi wákàtí méjì kó tó tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ 6. Kòkòrò náà á lẹ̀ mọ́ ara àpò, á sì wọnú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pàápàá. Ìbòòsí dé nìyẹn! Sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ á tú èròjà ìpè jáde. Nínú àwọn ọmọ ogun ara, èyí tó ń jẹ́ neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé. Macrophage á tẹ̀lé e, á máa gbé kòkòrò mì. Sẹ́ẹ̀lì NK àti sẹ́ẹ̀lì T náà á dé. CD4 lára àwọn sẹ́ẹ̀lì T ń darí ogun, CD8 ń pa. Tìtorí kòkòrò ni wọ́n ṣe péjọ, àmọ́ wọ́n máa ń kọlu jẹjẹrẹ náà pẹ̀lú. Nínú eku tí kò ní sẹ́ẹ̀lì T, ìtọ́jú yìí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí nìyẹn pé ogun tí BCG pè ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Alvaro Morales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kingston, ní Kánádà, ló kọ̀wé ní 1976 nípa aláìsàn 9 tí wọ́n fi BCG tọ́jú. Títí dòní, òun ni àwọn dókítà ń kọ́kọ́ lò fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó léwu ṣùgbọ́n tí kò tíì wọnú iṣan àpò náà. Ó lè mú kí ìtọ̀ máa tani, ó sì lè fa ibà. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọnú iṣan, agbára BCG kò ká a mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún, kó tètè lọ rí dókítà.