Ta Ló Yẹ Kó Fara Pamọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Bàbá yìí náà ti di ọmọdé." Kò burú. Ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tí ọmọ mi kọ́ mi ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé, Òṣòdì ni mo sì ti ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì kí ìjọba tó kó àwọn tó ń tajà lójú títì kúrò ní 2009 á rántí bó ṣe máa ń rí. Bàtà wà lójú títì, òkìrìkà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rélùwéè, kí o sì tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnìkan ti fà ọ́ lápá pé kí o wá wo ọjà. Lónìí náà, ẹ lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ṣì ń dá: èyí tó dára jù ni kí o gbé síwájú, kí ojú oníbàárà lè tètè bà á. Ọjà tí wọn ò rí, wọn ò lè rà á. Ọgbọ́n yìí ni ìyá mi fi tọ́ mi, òun ni èmi náà fi ń tọ́ ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fún àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹni tó tà á fún wa ti kó géèmù bíi mélòó kan sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Zoo Tycoon 2, tí ilé iṣẹ́ Blue Fang ti Amẹ́ríkà ṣe, tí Microsoft sì gbé jáde ní 2004. Ọgbà ẹranko ni wọ́n ní kí o dá sílẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀, owó díẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà kan. Ìwọ lo máa ra ẹranko, ìwọ lo máa ṣe ọgbà yí i ká, ìwọ lo máa yan irú ilẹ̀ àti igi tó bá a lára mu. O ó kọ́ ilé oúnjẹ, o ó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, o ó sì to bẹ́ǹṣì kalẹ̀ fún ẹni tó bá rẹ̀. Bí inú àwọn òǹwòran bá dùn, wọ́n á ju owó sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Bí òkìkí rẹ bá ṣe ń kàn, ìràwọ̀ rẹ á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí o ra ẹranko tó ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ mi ọmọ Ìsọlọ̀ ni. Kíá ló ti ra kìnnìún, ó sé e mọ́ inú ọgbà kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà gan-an, kò gbin igi, kò gbé òkúta sí i, kò ṣe ibùsùn kankan fún un. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà sanwó kó má rí kìnnìún. Mo lù ú lẹ́yìn, mo ní, "O káre, ìyá àgbà rẹ lo jọ." Àwọn èrò kọ́kọ́ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àmì fi hàn pé inú kìnnìún ò dùn, kò rí ibi sinmi, kò rí ibi sá sí. Owó inú àpótí ò lọ sókè mọ́. Ọmọ mi wojú mi, ó ní, "Dádì, èyí tí wọ́n ń rí kedere yìí gan-an ni wọn ò fẹ́ wò."

Ó tú ọgbà náà palẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó gbin igi, ó kó àpáta sí i, ó sì fi ojú ibi tí èèyàn ti lè wò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, nígbà míì kìnnìún á wọ abẹ́ igi lọ, wọn ò ní rí i. Síbẹ̀ owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹranko tí ara tù ló ń rìn, òun ló ń ṣeré, òun ló ń yẹ ènìyàn wò. Ìyìn àkọ́kọ́ tí mo fún géèmù yìí nìyẹn: kò wàásù fún ọmọ, ó kàn jẹ́ kó ṣe àṣìṣe, kó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun tó tìdí ẹ̀ yọ.

Nígbà ọdún Kérésì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì wá kí wa, ó gbé kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀ dání. Planet Zoo ló wà lórí tiẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Frontier ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2019. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níhìn-ín, àwọn ẹranko kan wà tó jẹ́ pé bí èrò bá tẹjú mọ́ wọn jù, àárẹ̀ ọkàn á bá wọn. Bí ìyà wọn bá pọ̀, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn á gbé pátákó wọ inú ọgbà rẹ. O gbọ́dọ̀ fún ẹranko níbi ìsápamọ́, tàbí kí o ra irú dígí kan tó jẹ́ pé òǹwòran ń rí ẹranko ṣùgbọ́n ẹranko ò rí òǹwòran.

Nígbà tí mo rí dígí yìí, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ẹ̀gùn ọdẹ nìyí!" Ṣé ẹ rí i, àwọn baba wa kì í lọ dúró gbagidi síwájú ẹranko kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ọdẹ á gun orí igi, á dákẹ́, á mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, á fara pamọ́. Àwọn tí ń sun ìjálá, tí wọ́n ń sọ ìrìn ẹfọ̀n fún wa, tí wọ́n ń sọ àwọ̀ àgbọ̀nrín àti ìwà ìkookò, ibo ni wọ́n ti rí gbogbo ẹ̀? Ojú ẹni tó fara pamọ́ ni wọ́n fi rí i. Ohun tí àwọn oyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú géèmù, ọdẹ ilẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: òǹwòran ló yẹ kó fara pamọ́.

Ó sì pẹ́ kí ayé ọgbà ẹranko tó gba èyí gbọ́. Ní 1907 ni Carl Hagenbeck ṣí ọgbà rẹ̀ nítòsí Hamburg ní Jámánì, tó yọ irin kúrò níwájú ẹranko, tó wa kòtò dípò rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1906, ní ọgbà Bronx ní New York, wọ́n mú Ota Benga, ọmọ ènìyàn láti ilẹ̀ Kóńgò, wọ́n fi í sínú ilé ọ̀bọ, èrò sì ń wọ́ lọ wò ó. Bí èrò púpọ̀ bá tó ẹ̀rí pé ọgbà dára, a jẹ́ pé ọgbà yẹn dára nìyẹn. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé iye èrò nìkan lòun fi ń díwọ̀n ọgbà ẹranko, ẹ bi í léèrè nípa Ota Benga.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó mọ̀. Ní 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko, nígbà tó sì fi máa di 1974, ó ti di ọgbà ẹranko pípé. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ṣì ń sọ̀rọ̀ Imade, ìnàkí wọn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìyá. Èyí já sí pé àwa náà mọ bí a ṣe ń fẹ́ràn ẹranko.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wa lọ sí ọgbà ẹranko kan tí mi ò ní dárúkọ. Kìnnìún sùn sí ẹ̀yìn. A pariwo, kò dìde. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú. Èèpo ọsàn ni èmi jù, ó bà á létí. Ó dìde, ó wò wá, ó yí padà, ó kọjú sí ògiri. A ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá wa wí.

Lásìkò Àjíǹde tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ sí ọgbà mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń ju òkúta lu ọ̀nì láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. A dé ọ̀dọ̀ kìnnìún, ó ń sùn. Kí n tó mọ̀, mo ti gbọ́wọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ kó lè jí. Ọmọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó rọra ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Kò síbi tó máa sá sí." Ọwọ́ mi wálẹ̀. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síhìn-ín lọ.

Èyí ni mo fi ń bá àwọn géèmù náà wí. Nínú Zoo Tycoon 2, mi ò rí òǹwòran kan tó ju òkúta. Wọ́n lè da ìdọ̀tí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkà ò sí lọ́wọ́ wọn. Olùtọ́jú ẹranko náà, ńṣe ló ń wọlé tọ kìnnìún lọ bí ẹni tó ń wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ayé ò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún pa ọkùnrin tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti kékeré, wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ọmọ tó bá ń ṣe géèmù yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ẹ̀mí wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀bi kejì ni pé Zoo Tycoon 2 kò sọ ibi tí ẹranko ti wá. O tẹ bọ́tìnnì, kìnnìún dé. Planet Zoo sàn jù níbẹ̀. Kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ẹranko rẹ̀, ó sì ń san ẹ̀san fún ẹni tó bá dá ẹranko padà sígbó. Kìnnìún tiwa gan-an nìyẹn o, èyí tó jẹ́ pé Yankari àti Kainji ló kù sí nínú igbó ilẹ̀ wa, tí wọn ò sì pọ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú géèmù àtijọ́ tí mo fẹ́ràn jù: o lè kúrò nípò ọ̀gá, kí o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn nínú ọgbà, kí o gbé oúnjẹ fún ẹranko, kí o sì palẹ̀ ìgbẹ́ wọn mọ́. Mo ti rí i tí ọmọ mi pa owó àti ìràwọ̀ tì, tó ń gbá ìgbẹ́ erin títí tí iná ọba fi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ bíi tèmi, Zoo Tycoon 2 tó yín. Planet Zoo ń fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbára. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ jókòó ti ọmọ, lẹ́yìn náà ẹ mú un lọ sí ọgbà ẹranko gidi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso ọgbà, bí ẹ bá ń wá èrò, ẹ má gbé ẹranko sún mọ́ wa sí i. Igi ni kí ẹ gbìn fún un. Ẹ fún àwa ní bẹ́ǹṣì, omi tútù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, àti olùtọ́jú tó máa sọ ìtàn ẹranko náà fún wa nígbà tó bá ń sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bi ọmọ mi léèrè pé níbo ló máa fi mí sí bí mo bá wá wo kìnnìún rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ̀yìn igi ni, Dádì. Kí ẹ sì dákẹ́."